Ẹ Bi Màmá Ìbarà: "Mo kọ tágẹ́ẹ̀tì sára ògiri, iṣẹ́ tún wá bàjẹ́ sí i"

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ díẹ̀, àmọ́ mẹ́ta ni mo mú torí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń fà, ọ̀rọ̀ ọ̀gá, ọmọ iṣẹ́ àti tágẹ́ẹ̀tì. Ti ìyá aládìrẹ ni màá pẹ́ lórí ẹ̀ jù, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ àdìrẹ ni, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé Abẹ́òkúta la wà.

"Ẹ kú iṣẹ́ Màmá. Àdìrẹ ni mò ń ṣe, Àsẹ́rò níbí la ti ń ṣe é, ṣọ́ọ̀bù tá a ti ń tà á wà ní Ìtòkú. Àwa mẹ́sàn-án la wà ńbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọ́dà ń pọ̀, aṣọ ẹbí lọ́tùn-ún lósì, mo ní kí n ṣe bíi tàwọn iléeṣẹ́ ńláńlá, oṣù kìíní ni mo ra bọ́ọ̀dù funfun, mo kọ ọ́ gàdàgbà sára ẹ̀: PÍSÌ 20 LÓJÚMỌ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọ́n ṣe é, inú mi dùn, mo ra mínírà fún gbogbo wọn. Kò pẹ́ náà ló bẹ̀rẹ̀. Písì yẹn ń pé o, àmọ́ ẹ wá wo aṣọ, àbẹ́là tá a fi ń tẹ iṣẹ́ ọnà ò wọnú aṣọ, aró ti ṣàn wọ ibi tó yẹ kó funfun, oníbàárà kan láti Èkó dá písì 12 padà, ó ní òun ò lè fi ìyẹn ṣe ìyàwó ọmọ òun. Ni mo bá gbé fáìnì dé. Ẹni tó bá pẹ́, 500 náírà, ẹni tó bá ba aṣọ jẹ́, màá yọ owó ẹ̀ nínú owó oṣù. Àwọn méjì ti lọ báyìí, ọ̀kan ti ya ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀. Àwọn tó kù, tí mo bá ti yíjú báyìí, fóònù ni. Ọkọ mi ní mo rọ̀ jù, àbúrò mi ní mo le jù. Àbí òótọ́ ni wọ́n ń sọ pé Ẹ̀gbá ò lólú, gbogbo wọn ló ń ṣe bí ọba?" (Ìyá Aládìrẹ, Àsẹ́rò)

Ìyá Aládìrẹ, ẹ kú àdánù aṣọ o. Ọkọ yín ò gbà á, àbúrò yín náà ò gbà á. Ẹ ò rọ̀ jù, ẹ ò sì le jù. Bọ́ọ̀dù yẹn ló ń ba aṣọ jẹ́.

Kí ni bọ́ọ̀dù yín ń kà? Písì. Kí ni wọ́n ń kó fún yín? Písì náà ni. Kò síbi tí bọ́ọ̀dù ti bèèrè pé ṣé ẹ̀yìn aṣọ mọ́, ṣé funfun ẹ̀ funfun. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ̀yìn ìkòkò àbẹ́là ni mo ti ń lo ọlidé nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo mọ bó ṣe máa ń rí. Àbẹ́là tó gbóná dáadáa, tí wọ́n bá fi fóòmù tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ, ó máa wọ̀ ọ́ lọ dé òdìkejì, tẹ́ ẹ bá yí aṣọ padà ẹ máa rí iṣẹ́ ọnà yẹn lẹ́yìn bó ṣe wà níwájú. Èyí tó bá ti ń tutù, orí aṣọ lásán ló máa jókòó sí, tí wọ́n bá wá ri aṣọ bọnú aró, aró máa gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ̀ o! Ọwọ́ ẹ̀ ti sọ fún un. Ó yẹ kó dúró, kó koná mọ́ ìdí ìkòkò, kó yí ẹ̀yìn aṣọ wò kó tó fa òmíì, àmọ́ ó gbójú sókè ó rí 20 lára ògiri, ó ní ọ̀gá ló sọ bẹ́ẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ.

Èyí tó tún wà ńbẹ̀ ni pé 20 yẹn, ti ta ni? Ẹnì kan ń tẹ àbẹ́là, ẹnì kan ń po aró àti sódà, ẹnì kan ń fi omi gbígbóná yọ àbẹ́là, ẹnì kan ń ṣan án, ẹnì kan ń sá a. Tí kò bá pé lálẹ́, ẹni tó ń sá aṣọ á ní ẹni tó ń po aró ló pẹ́, aláró á ní omi ò yọ. Ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo wa báyẹn, kì í jẹ́ ti ẹnì kankan. Bẹ́ẹ̀ oṣù kìíní lẹ kọ ọ́, ọyẹ́ ń fẹ́, aṣọ ń gbẹ kíákíá. Òjò ti dé báyìí, ṣé ẹ ti yí nọ́ńbà yẹn padà? Mo mọ̀ pé ẹ ò yí i.

Ẹ má rò pé mò ń sọ pé tágẹ́ẹ̀tì ò dáa. Ó dáa. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan wà, Edwin Locke, látọdún 1968 ló ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tí wọ́n bá fún ní nǹkan pàtó, tó sì le díẹ̀, máa ń ṣe ju ẹni tí wọ́n kàn sọ fún pé "ṣáà gbìyànjú" lọ. Gary Latham, ọ̀mọ̀wé bíi tiẹ̀, wá gbé e kúrò nínú ìwé, ó gbé e lọ bá àwọn dírẹ́bà tó ń kó igi gẹdú ní Oklahoma, iṣẹ́ yẹn jáde ní 1975. Igi ò dọ́gba, òmíì tóbi òmíì kéré, kò rọrùn láti mọ ìgbà tí ọkọ̀ kún tó, torí náà àwọn dírẹ́bà kì í kó ju bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n tí òfin gbà lọ, bẹ́ẹ̀ "ẹ ṣe é dáadáa" ni wọ́n ń sọ fún wọn lójoojúmọ́. Wọ́n wá ní ó yá, ẹ jẹ́ ká mú un ní 94. Oṣù àkọ́kọ́ ó gun dé 80. Oṣù kejì ẹ̀wẹ̀, ó já wálẹ̀ sí 70!

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí, Ìyá Aládìrẹ. Àwọn dírẹ́bà yẹn ń dán ọ̀gá wò ni. Wọ́n ti sọ fún wọn níbẹ̀rẹ̀ pé ẹni tí kò bá dé ibẹ̀, wọn ò ní fìyà jẹ ẹ́, wọ́n wá ń wò ó pé ṣé òótọ́ ni àbí ẹnu lásán. Kò sẹ́ni tó fìyà jẹ wọ́n. Oṣù kẹta, ó ti lé ní 90, ibẹ̀ ló sì dúró sí. Wọn ò fi kọ́bọ̀ lé owó wọn o, oríyìn lásán ni. Ẹ̀yin náà ní oṣù kejì tiyín. Fáìnì lẹ mú jáde.

Ẹ wá gbọ́ ìjà kan. Latham yìí bá obìnrin ọ̀mọ̀wé kan, Miriam Erez láti Ísírẹ́lì, fà á títí. Mama ní tí òṣìṣẹ́ ò bá sí ńbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń mú tágẹ́ẹ̀tì, kò ní fọkàn sí i. Bàbá ní òun ti dán an wò lọ́pọ̀ ìgbà, bó wà ńbẹ̀ bí kò sí ńbẹ̀, ọgbọọgba ni. Nígbà tó yá wọ́n jọ jókòó, wọ́n fi Locke ṣe alárinà, àwọn méjèèjì jọ ṣe ìdánwò náà papọ̀, ní 1988 wọ́n gbé èsì jáde. (Ká ní àwọn olóṣèlú wa lè máa jà báyẹn!) Ẹ mọ ohun tó jẹ́? Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ló yàtọ̀. Latham, tó bá fẹ́ fún èèyàn ní tágẹ́ẹ̀tì, ó máa ń sọ ìdí ẹ̀ fún un, á ní ìdí tá a fi mú iye yìí nìyí, mo sì mọ̀ pé o lè ṣe é. Ti Erez, wọ́n kàn máa ń jù ú sílẹ̀ fún wọn ni, gba, ṣe é. Òun ni tiẹ̀ ò fi ṣiṣẹ́. Tí ọ̀gá bá ti sọ ìdí ọ̀rọ̀, bóyá òun ló mú iye yẹn tàbí gbogbo wọn ló jọ mú un, ìyàtọ̀ ẹ̀ ò tó nǹkan.

Torí náà, ìbéèrè tí mo ní fún yín kò ju ẹyọ kan lọ. 20 yẹn, níbo lẹ ti rí i? Ṣé ẹ ti sọ fún wọn rí? Bóyá owó ilé àti owó aró lẹ kà tẹ́ ẹ fi dé 20, bóyá ọ́dà aṣọ ẹbí kan ló ń le yín. Wọn ò mọ̀. Ohun tí wọ́n rí ò ju bọ́ọ̀dù lọ, àti ẹ̀yin.

Èmi gan-an ti ṣe é rí, ẹ má wò ó pé mò ń wàásù. Nígbà tí mo ń ṣọ̀gá àwọn tó ń tẹ taípù ní ọ̀fíìsì kan tí mi ò ní dárúkọ, mo ní kí kálukú máa tẹ pépà 25 lójúmọ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́! Nígbà tí mo máa wò ó, wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ lọ́tùn-ún lósì, láìnì yà síra bí eyín àgbàlagbà, lẹ́tà tí ì bá gba pépà kan ti di mẹ́ta, a sì ná owó pépà tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rín ló ń pa mí báyìí tí mo bá rántí.

Ọ̀rọ̀ fáìnì wá kù. Ẹ dáwọ́ ẹ̀ dúró lónìí, kì í ṣe lọ́la. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, abala karùn-ún, ò fàyè gbà á kí ọ̀gá máa yọ owó oṣù òṣìṣẹ́ fún fáìnì. Kódà kí òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, ọ̀gá gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kó tó yọ owó ẹ̀, gbogbo èyí tó bá sì yọ lóṣù kan ò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù yẹn lọ. Àwọn tó ti lọ yẹn, tẹ́ ẹ bá ti yọ owó wọn, ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ dá a padà. Ó máa dùn yín, mo mọ̀.

Ẹ ní Ẹ̀gbá ò lólú. Ẹ gbàgbé Lísàbí ni? Báwọn àgbà ṣe sọ ọ́ fún wa, ààrò ló fi kó wọn jọ. Oko lágbájá lónìí, oko tàmẹ̀dù lọ́la, ó ń bá wọn ro ó, ó ń bá wọn kọ ebè, kò ní kí wọ́n wá sí toun. Nígbà tó tó àkókò kí wọ́n wá dá tiẹ̀ padà, ó ní oko kọ́ lòun ń fẹ́ kí wọ́n bá òun ro, àwọn ìlàrí Aláàfin tó ń jẹ gàba lé wa lórí lòun fẹ́ ká dìde sí. Ta ló máa kọ̀ fún un? Ó ti fi ẹ̀yìn tiẹ̀ gba oòrùn nínú oko wọn. Ẹ̀gbá ní olú dáadáa, wọ́n kàn fẹ́ kó kọ́kọ́ gbé ọkọ́ ná ni.

Tó bá di mọ́ńdè, kẹ́ ẹ tó daná sábẹ́ ìkòkò, ẹ ra àkàrà àti ẹ̀kọ gbígbóná, kí gbogbo yín jókòó. Ẹ nu bọ́ọ̀dù yẹn lójú wọn. Ẹ sọ iye tẹ́ ẹ ń san àti iye tó ń wọlé, bó bá ṣe mọ, ẹ má tijú. Ẹ bi ẹnì kọ̀ọ̀kan pé níbo ni iṣẹ́ ti ń há sí i lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì dákẹ́ kó sọ tán (èyí ló máa le fún yín jù, mo ti ń rí i nínú lẹ́tà yín). Kẹ́ ẹ wá jọ mú iye kan, àmọ́ aṣọ tí ẹ̀yìn ẹ̀ mọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ máa kà, kálukú ní tiẹ̀, ẹni tó ń tẹ àbẹ́là lọ́tọ̀, aláró lọ́tọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, kí àwọn fúnra wọn kọ ohun tí wọ́n ṣe síbẹ̀, ọwọ́ wọn ni kó wà. Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ńkọ́? Ẹ má fún wọn ní iye písì rárá. Ẹni tí kò tíì mọ iṣẹ́, ohun tó máa mọ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣe tágẹ́ẹ̀tì ẹ̀, pé títí ọjọ́ báyìí kó ti lè mọ àbẹ́là tó gbóná tó láì fọwọ́ kàn án. Ìyára á dé tó bá yá.

Kẹ́ ẹ sì máa tẹ tiyín náà láàárọ̀, ó kéré tán písì kan, lójú wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ Màmá. Máńkẹ́tà ni mí ní bánkì kékeré kan ní Abẹ́òkúta yìí. Mílíọ̀nù 3 náírà ni mo gbọ́dọ̀ mú wọlé lóṣù, wọn kì í fún wa lówó ọkọ̀. Tó bá ti kù díẹ̀ kí oṣù parí, owó ara mi ni mo máa ń fi pé e, màá tún yọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọ̀gá mi ti ń sọ pé kí n lọ ṣí àkáǹtì lórúkọ àwọn ẹbí mi, kí nọ́ńbà lè dúró. Ó ní gbogbo èèyàn ló ń ṣe é. Mi ò nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ yìí mọ́, àmọ́ iṣẹ́ ò sí níta." (Ọmọ Pansẹ́kẹ́)

Ọmọ mi, má ṣe é. Orúkọ ẹni tí kò mọ̀ sí i, má fi ṣí nǹkankan, bó jẹ́ ìyá ẹ ló bí i.

Bánkì ńlá kan wà ní Amẹ́ríkà, Wells Fargo, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ máa rí i pé oníbàárà kọ̀ọ̀kan gba oríṣi nǹkan 8 lọ́wọ́ báńkì, àkáǹtì, káàdì, ẹ̀yáwó, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ojoojúmọ́ ni mánéjà ń lé wọn. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ń ṣí àkáǹtì fáwọn èèyàn láìsọ fún wọn, ó tó bíi mílíọ̀nù 2 tí wọ́n fura sí. Nígbà tó tú síta ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 185 dọ́là fún báńkì, ní 2020 wọ́n tún san bílíọ̀nù 3. Àmọ́ èyí tó kàn ẹ́ nìyí: òṣìṣẹ́ bíi 5,300 ni báńkì ti lé lọ lórí ọ̀rọ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ wọn àwọn kéékèèké bíi tìẹ. Ọ̀gá tó ní "gbogbo èèyàn ló ń ṣe é" yẹn, lọ́jọ́ tó bá bẹ́, á ní òun ò rán ẹ. Ṣé ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ? Kò kọ ọ́. Ṣé o rí i.

Èyí tó o ní o ò nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ yẹn mọ́ àmọ́ o ò lè lọ, ó ti lórúkọ tipẹ́. Meyer àti Allen, ọ̀mọ̀wé méjì ní Kánádà, sọ ní 1991 pé ọ̀nà mẹ́ta ni òṣìṣẹ́ ń gbà dúró síbi iṣẹ́: ẹni tó dúró torí ó wù ú, ẹni tó dúró torí kò rí ibòmíì lọ, ẹni tó dúró torí ó rò pé òun jẹ wọ́n ní gbèsè oore. Ọ̀gá tó bá wò wọ́n látòkèrè á ní gbogbo wọn fara jin. Ẹni kejì yẹn ni ẹ́, ara ẹ nìkan ló wà ńbẹ̀.

Ohun tí wàá ṣe ni pé kó o kọ iye tó o mú wọlé ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn sílẹ̀, owó oníbàárà gangan, má fi owó tìẹ kún un, kó o kọ owó ọkọ̀ tó o san náà. Gbé e lọ bá ọ̀gá yẹn ní wọ́ọ́rọ́wọ́, kó o béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe dé mílíọ̀nù 3, kó o ní "ẹ jọ̀ọ́ sà, iye tí mo rí lọ́jà nìyí, kí lẹ rò pé mo lè ṣe?" Tó bá fún ẹ lésì tó mọ́gbọ́n dání, ó dáa. Tó bá tún dárúkọ àkáǹtì ẹbí, bẹ̀rẹ̀ sí í wáṣẹ́ mìíràn lọ́sẹ̀ yẹn, kó o sì dáwọ́ owó ara ẹ tó ò ń fi pé e dúró, torí iye irọ́ tó ò ń kọ yẹn ni wọ́n fi ń mú tágẹ́ẹ̀tì oṣù tó ń bọ̀.

"Màmá, ọmọ ọdún 27 ni mí, wọ́n fi mí ṣe súpáfáísọ̀ níbi tá a ti ń ṣe píọ́wọ́tà ní Ọbáńtokò. Àwọn bàbá tí wọ́n tó bàbá mi ló wà lábẹ́ mi. Tí mo bá dúró tì wọ́n, iṣẹ́ ń lọ. Tí mo bá jáde lọ ra dísù báyìí, mo máa bá wọn lórí bẹ́ǹṣì."

Bí ìgbà tó o ti ka ìwé Kurt Lewin ló rí, ọ̀mọ̀wé tó ń wádìí ìwà èèyàn! Òun àtàwọn méjì kan, 1939 ni, wọ́n kó àwọn ọmọkùnrin tó tó ọmọ ọdún 10 jọ, wọ́n ń fi pépà ṣe ojú egúngún bẹ́ẹ̀. Níbi tí ọ̀gá ti ń pàṣẹ ṣáá, iṣẹ́ pọ̀ nígbà tó wà ńbẹ̀, àmọ́ bó ṣe jáde báyìí, iṣẹ́ dúró. Níbi tí wọ́n ti jọ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, ọ̀gá jáde, wọ́n ń ṣe é lọ.

Ìwọ, mo máa bi ẹ́, kí lo máa ń pè wọ́n? Tó bá jẹ́ orúkọ lo ń pè wọ́n gbàù, ìdí ọ̀rọ̀ nìyẹn, máa pè wọ́n ní bàbá, kó o máa kí wọn dáadáa láàárọ̀ kó o tó sọ ọ̀rọ̀ báàgì mélòó. Mi ò sọ pé kó o gba ìgbàkugbà o. Ẹni tó bá ṣẹ̀, pè é sẹ́yìn, má pariwo ẹ̀ lójú ọmọ kékeré tó ń kó báàgì. Bàbá tó pẹ́ jù nídìí ẹ́ńjìnnì yẹn, lọ jókòó tì í lọ́la tí wọ́n bá ń jẹ láfún, kó o bi í pé kí ló ń jẹ́ kí náílọ́ọ̀nù máa jó lójú ibi tó ti ń lẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Ó ti ń dúró de ẹni tó máa bi í.